Ẹ wo lẹ́tà jíìnì yín kí ẹ tó yọ̀: uric acid àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti fi dátà jíìnì wò ó bóyá uric acid, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń dà nù, ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró, pé p yín kéré (èsì náà ò jọ èèṣì), F yín ju 10 lọ (jíìnì tẹ́ ẹ lò lágbára tó), ṣé kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn lèmi náà dúró sí tí mo fi pàdánù oṣù mẹ́rin.

Ìdí tẹ́ ẹ fi sá tọ jíìnì lọ dáa. Uric acid àwọn tó ní àìsàn yìí sábà máa ń ga, ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú? Bí ọkàn ò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ọ́síjìn ò ní tó ara, ATP, èròjà agbára inú sẹ́ẹ̀lì, á máa fọ́, uric acid ló sì máa ń já sí. Kíndìnrín náà ò ní lè dà á nù bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á tún wá fún aláìsàn ní oògùn tó ń múni tọ̀, irú furosemide, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbé uric acid sókè. Jíìnì ní tiẹ̀ ò mọ oògùn kankan. A ti pín in fúnni ká tó dáyé.

Èsì tèmi àkọ́kọ́ sọ pé uric acid ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ro àkọlé. Lóru ọjọ́ kan ni mo ṣí fáìlì dátà uric acid tí mo lò, tí mo ń wo SNP (ibi tí lẹ́tà jíìnì ti máa ń yàtọ̀ láàárín èèyàn) lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá kan rs2231142, inú jíìnì ABCG2. Kò sẹ́ni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ ọ́n: lẹ́tà T rẹ̀ ń gbé uric acid sókè. Nínú tábìlì tèmi, T ń fà á wálẹ̀! SNP kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà méjì nínú fáìlì, A1 àti A2. Mo ti ka A1 sí lẹ́tà tí wọ́n wọn agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ A2 ni àwọn tó ṣe fáìlì náà lò. Gbogbo àmì ìyọkúrò àti àròpọ̀ ló dorí kodò. Kọ̀ǹpútà ò pariwo, kò kọ̀ mí.

Mo yí i padà, ó wá di pé uric acid ló ń fa àìsàn náà. Mo tún fẹ́ yọ̀. Mo wá ń yọ SNP kọ̀ọ̀kan kúrò láti wo ohun tó máa ṣẹ́ kù. GCKR wà níbẹ̀, jíìnì tó ń tọwọ́ bọ àwo púpọ̀: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ ló bá a tan. Mo yọ òun àtàwọn bíi tirẹ̀, mo fi SLC2A9 àti ABCG2 sílẹ̀, torí iṣẹ́ kíkó uric acid la mọ̀ mọ́ wọn. Èsì náà rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n kọ ọ́ pé uric acid ò mọwọ́mẹsẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ọdún 2019 lórí uric acid kó 457,690 èèyàn jọ. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru inú òpó ẹ̀dọ̀fóró, lọ́dún kan náà, 2,085 aláìsàn péré ló rí. Àìsàn náà ò wọ́pọ̀ ni, bí aláìsàn bá sì kéré báyìí, ipa tó wà lóòótọ́ lè má hàn. Bẹ́ ẹ bá sì lọ kó aláìsàn látinú àkọsílẹ̀ ọsibítù kí wọ́n lè pọ̀, ẹ wo kóòdù wọn dáadáa. Nínú ICD-10, ìwé kóòdù àìsàn, I27.0 (èyí tí wọn ò mọ ohun tó fà á) yàtọ̀ sí I27.2 (èyí tí nǹkan míì fà): nínú èkejì, ẹ lè bá ẹni tó jẹ́ pé ọkàn apá òsì rẹ̀ tó dẹ́nu kọlẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ojúlówó ni ẹni tí wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀, tí ìpíndọ́gba ìfúnpá inú òpó ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n wọn ju 20 mmHg lọ, tí ìfúnpá tó ń fi ọkàn apá òsì hàn (wedge) ò sì ju 15 mmHg lọ.

Ẹ kọ ìlà rs2231142 yín síbí ká jọ wò ó, kẹ́ ẹ sì sọ lẹ́tà tó wà lábẹ́ A1.