Èsì: Àyíká ni àbí ìdíje ló ń mú kí ẹ̀dá yàtọ̀ síra?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ béèrè pé, nínú àyíká àti ìdíje, èwo gan-an ló ń sọ irú ẹ̀dá méjì tó bára tan di ohun tó yàtọ̀ síra. Lójú tèmi, a kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ síra, àwọn ẹyẹ kékeré tó wà ní erékùṣù Daphne Major, ní Galápagos ti orílẹ̀-èdè Ecuador, sì ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù.

Ọdún 1973 ni Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àgógó ẹnu àwọn ẹyẹ náà. Nígbà tí ọ̀dá mú ní 1977, kóró wẹ́wẹ́ tán nílẹ̀, ó ku èyí tó le, nítorí náà àwọn tí àgógó wọn tóbi ló yè jù, àwọn ọmọ wọn sì jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1982, ìbátan wọn kan tó tóbi jù wọ́n lọ wá tẹ̀dó síbẹ̀, kóró líle yẹn gan-an sì ni oúnjẹ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá tún dé ní nǹkan bí 2004, àwọn àlejò yìí ti jẹ kóró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ebi fi pa púpọ̀ nínú àwọn fúnra wọn. Nínú àwọn onílé, àwọn tí àgógó wọn tóbi ló kú jù lọ́tẹ̀ yìí, tí àgógó ìran tó tẹ̀ lé wọn fi kéré sí i. Ọ̀dá kan náà, àbájáde òdìkejì! Kì í ṣe pé ẹyẹ kankan pinnu láti yí padà o. Ẹni tó rí oúnjẹ jẹ ló bímọ.