Ẹ Gbà Mí Nímọ̀ràn: Gẹ̀ẹ́sì Ni Ò Jẹ́ Kí N Wọ Fásitì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Mo ti ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mejì, D7 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà méjèèjì. Ìṣirò mi B2, Físíìsì B3, Kẹ́mísírì C4, Bàọ́lọ́jì C5, Yorùbá A1. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni mo fẹ́ kà. Bàbá mi ní tí n bá tún ṣèdánwò lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ilé-ìwé tó máa gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣe é, kí n ṣáà ti mú owó wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹni tó gba B2 nínú Ìṣirò kì í ṣe olódo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú rẹ dáadáa: ọmọ tó máa ṣe ìṣirò tó le láìmikàn, àmọ́ tí òógùn á bò ó tí wọ́n bá ní kó kọ lẹ́tà.

Fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé èyí fún Bàbá ẹ. Kì í ṣe iye ìgbà tí èèyàn jókòó ṣèdánwò ni fásitì ń kà, iye ìwé èsì tó bá kó wá ni. Wọn ò gbà ju méjì lọ. Mú èyí tó dáa jù nínú WAEC méjèèjì, kó o wá fi kírẹ́dìtì Gẹ̀ẹ́sì tuntun (C6 sókè) tì í lẹ́yìn. NECO náà lè bá WAEC rìn. Àwọn ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ fún àwọn ẹ̀kọ́ kan, pàápàá ìmọ̀ ìṣègùn, torí náà wo ohun tí ilé-ìwé tó o fẹ́ kọ sílẹ̀ kó o tó yàn án.

Ti ibi tí ọ̀rẹ́ ẹ ń wí yẹn, mo bẹ̀ ọ́, má débẹ̀. WAEC lè wọ́gi lé gbogbo èsì náà, wọ́n sì lè ní kó o má ṣèdánwò àwọn mọ́ fún àwọn ọdún kan. Ká tiẹ̀ ní ó bọ́ sí i, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ́ ẹ níbi tó ò ń lọ, òun náà lo sì máa fi dáhùn ìbéèrè. Ta ló máa bá ẹ kọ ìyẹn?

Ó yá, ká kojú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àròkọ ni mo fẹ́ kó o gbájú mọ́, torí ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa jù. Máàkì 50 ni WAEC fún un: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bó o ṣe tò ó, 20 fún bó o ṣe lo èdè, 10 fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró. Máàkì 20 àkọ́kọ́ yẹn kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, àdírẹ́sì méjì, déètì, àkọlé, kókó mẹ́ta tó yè kooro, ìfọwọ́sí. Ẹni bíi tìẹ máa há ìlànà yẹn sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Máàkì 10 ìkẹyìn ló máa ń dùn mí. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti ṣe àṣìṣe 20, òfo ni. Bẹ́ẹ̀ àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe! Lédè wa, "mo ra iṣu lánàá", "mo máa ń ra iṣu", "ra" ò yí padà. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń yí, buy á di bought. "Ó" là ń pe ọkùnrin, òun náà là ń pe obìnrin, ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyá ẹ̀ ní she, kó tó dé ìpínrọ̀ kejì, ìyá ti di he. Ẹ̀kẹta ni s tí wọ́n ń gbàgbé: my father work, dípò works. Kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá mú bíírò pupa, kó o wá àṣìṣe mẹ́ta yìí nìkan. Má tíì wo òmíràn. Tí ọwọ́ ẹ bá ti mọ́ níbẹ̀, kó o tó kan sípẹ́lì.

Ní ti ìdánwò ìró ohùn, kò sẹ́ni tó máa ní kó o sọ̀rọ̀. Wọ́n máa fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà ni, kó o mú ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá a dọ́gba. V, z àti ch ò sí lédè wa, ìdí nìyẹn tí van fi ń di fan létí wa, tí chop ń di shop. Fi ìbéèrè àtijọ́ ṣeré lójoojúmọ́.

Ilẹ̀kùn mìíràn tún wà. Nínú ìlànà tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2025, kírẹ́dìtì mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè fún ND nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ìṣirò ni wọ́n sọ di dandan fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Kírẹ́dìtì mẹ́rin tó bá iṣẹ́ ẹ mu ti wà lọ́wọ́ ẹ, D7 ẹ náà kì í sì í ṣe F9, ìyẹn ni pé o ò fìdí rẹmi. Lọ béèrè ní pólì tó o fẹ́, torí òmíràn lè fi tiẹ̀ kún un. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o tìtorí ìyẹn pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Tó o bá gba ND tán tó o fẹ́ gba Direct Entry, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń fi ìwé-ẹ̀rí bíi ND wọ fásitì, kírẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì máa béèrè. Wà ní pólì, kó o máa ṣe é lọ.

Gba fọ́ọ̀mù NECO ti oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Tó o bá ti kọ àròkọ àkọ́kọ́, fi ránṣẹ́ sí mi níbí, pẹ̀lú bíírò pupa tìẹ lórí ẹ̀. Màá kà á, màá sì dá a padà fún ẹ.