Ọmọ ológbò tí ara rẹ̀ tutù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, ni mo ń gbé. Mọ́tò pa ológbò mi, ó sì fi ọmọ mẹ́ta tí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sílẹ̀. Mílíìkì inú agolo ni mo fi ń bọ́ wọn. Èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ara rẹ̀ tutù, kò sì mu nǹkan mọ́. Mo rọra fi síríńjì fún un ní mílíìkì gbígbóná kí ara rẹ̀ lè yá, ṣùgbọ́n mílíìkì náà ń tú jáde ní imú, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Aládùúgbò mi ní parasẹ́támọ́ọ̀lù ló yẹ kí n fún un. Kí ni kí n máa wò lára àwọn méjì tó kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ohun tí ẹ ṣe ni ọ̀pọ̀ abiyamọ yóò ṣe, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ́ ni ọmọ ológbò tí ara rẹ̀ tutù kọ́kọ́ ń fẹ́. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò tíì lè mú ara rẹ̀ móoru dáadáa, ara ìyá àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń fara mọ́. Bí òtútù bá ti mú un wọra, ìfun rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì ní agbára láti gbé nǹkan mì, nítorí náà mílíìkì á gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ẹ rí ní imú rẹ̀ nìyẹn.

Bí ọ̀kan nínú àwọn tó kù bá tutù, ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí, kí àyè sì wà tí ọmọ náà lè sún sí bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Ẹ fi oyin díẹ̀ ra èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn aládùúgbò ìbáà rẹ́rìn-ín yín. Nígbà tí ẹ bá ń fi oyin náà ra èrìgì rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, ó lè jẹ́ pé àwọn kòkòrò inú irun ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn kòkòrò ajá sí i lára, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa ológbò.

Parasẹ́támọ́ọ̀lù ńkọ́? Májèlé ni fún ológbò, kódà ìwọ̀nba díẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú u ká.

Ẹ dáwọ́ mílíìkì inú agolo dúró, nítorí ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ béèrè mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò lọ́wọ́ dókítà. Bí ẹ bá ń bọ́ wọn, kí wọ́n fi ikùn lélẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Lójoojúmọ́, ẹ fi òṣùwọ̀n tí àwọn oníkéèkì ń lò wọ̀n wọ́n: ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fi bíi gíráàmù 10 sí 15 kún ìwọ̀n rẹ̀ lójúmọ́. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín, tàbí tó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ má tún kọ lẹ́tà sí wa nípa rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ tààrà.