Ẹ Bi Bàbá Tíṣà: Ṣé Jésù Nìkan Kò Tó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo àti kúlà ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Áńgílíkà ni bàbá wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsàmì fún àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá wa ní tiwọn di aláṣọ funfun nígbà tí mo wà ní pírámárì, mo sì bá wọn lọ. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé kan báyìí, àbúrò wa obìnrin bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kátólíìkì. Ìyá wa kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbúrò mi ọkùnrin dúró sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ò ní í bọ́ bàtà wọ ilé àwọn alábẹ́là. Nígbà tí a délé, mo gbé iyán àti ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, ó ní wọ́n ti gbàdúrà sí i. Ó ní Jésù nìkan tó, pé ìyá wa fi nǹkan mìíràn kún un, òun ò mọ ibi tí wọ́n wà báyìí. Ó ní kí èmi náà wá ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ tiwọn, torí omi tí wọ́n wọ́n sí wa lórí ní kékeré kò já mọ́ nǹkan kan. Èyí tó tún wá dá kún un ni pé wòlíì wa ní ọkàn ìyá wa kò tíì sinmi, kí n mú àbẹ́là méje, lọ́fínńdà àti ogójì ẹgbẹ̀rún náírà wá, kí n sì lọ wẹ̀ nínú odò Àlà kí ọdún tó yí po. Ìrántí ọdún kan ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò mi ní Jésù tó, wòlíì ní ó ṣì kù díẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ọlọ́run yóò bá yín wo àwọn ìbejì náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti wòlíì kúrò lọ́nà, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Ẹ má san ogójì ẹgbẹ̀rún náà. Olè tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù kò tan àbẹ́là, kò rí odò wẹ̀, ẹnu lásán ló fi bẹ̀bẹ̀, Jésù sì sọ fún un pé lónìí ni yóò bá òun wà ní Párádísè. Ta ló wá ń fi lọ́fínńdà ti ìyá yín dé ibẹ̀? Ní ti odò Àlà, gbogbo àwa ará Àkúrẹ́ la mọ ohun tí à ń dà sí i bí òjò bá ti ṣú. Ẹ wẹ̀ nílé yín.

Mi ò bá àbẹ́là jà o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà, méjì ń jó lórí tábìlì Olúwa, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnìkan bá ti lé owó sórí àbẹ́là, tó ní láìsí i ìyá ẹni ò ní í rí ìsinmi, ohun tó ń sọ ni pé Jésù ṣe iṣẹ́ kò parí, òun ló máa bá a parí ẹ̀.

Ti àbúrò yín ló le, nítorí òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ yẹn wà nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kólósè. Orí kejì ló ti sọ pé nínú Kristi ni gbogbo ẹ̀kún Ọlọ́run ń gbé, pé a sì ti ṣe wá ní kíkún nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "kíkún" tí Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀. Ìkòkò omi tó bá ti kún dé ọrùn, bí èèyàn bá tún pọn omi dà sí i, ilẹ̀ lomi náà ń lọ. Àwọn kan ló ń sọ fún àwọn ará Kólósè nígbà yẹn pé Jésù dára o, ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ oṣù tuntun, ó ku ọjọ́ ìsinmi, ó ku irú oúnjẹ báyìí, ó ku sísin áńgẹ́lì. Pọ́ọ̀lù ní rárá. Torí náà àbúrò yín kò parọ́.

Ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́, kó ka orí yẹn dé ìsàlẹ̀. Ní ẹsẹ 21, Pọ́ọ̀lù ka òfin àwọn tó ń fi nǹkan kún Jésù, ó kà á bí ẹni tó ń sín wọn jẹ: má fọwọ́ kàn án, má tọ́ ọ wò, má fọwọ́ bà á. Ìyá Ìbejì, ẹ tún lẹ́tà tiyín kà. Kí lẹ ní àbúrò yín ṣe sí iyán?

Ó ti ṣe Pétérù náà rí, ní Áńtíókù. Ẹ ó rí i nínú Gálátíà orí kejì. Pétérù ti ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun, ó ń bá wọn dọ́wọ́ bọ àwo kan náà. Bí àwọn Júù kan ṣe dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kò wàásù òdì kankan. Kò sọ pé Jésù ò tó. Ó kàn dìde nídìí oúnjẹ ni. Pọ́ọ̀lù sì bá a wí lójú gbogbo èèyàn, ó ní kò rìn déédéé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ìhìnrere. Ìhìnrere o, nítorí oúnjẹ.

Àwọn ará Kọ́ríńtì tún wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní ti Pọ́ọ̀lù lòun, òmíràn ní ti Àpólò, òmíràn ní ti Kéfà, ẹni kẹrin ní ti Kristi lòun. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìmọ̀ Bíbélì kí n tó rí i pé Pọ́ọ̀lù kò yọ ẹni kẹrin yẹn sílẹ̀ nínú ìbáwí, ó kó o mọ́ wọn. Èèyàn lè gbé orúkọ Kristi kọ́rùn bí báàjì ẹgbẹ́, kó máa fi ṣẹ́ ẹlòmíràn lápá. Ohun tí mo rí lára àbúrò yín nìyẹn. "Jésù nìkan tó" ló ń pariwo, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lè bá a jẹun, ẹ ní láti gba odò ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ kọjá. Òun náà ti fi nǹkan kún un. Wòlíì fi àbẹ́là kún un, òun fi ṣọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀ kún un. Ẹ̀rí-ọkàn ló yà wọ́n sọ́tọ̀: wòlíì mọ ohun tó ń ṣe, àbúrò yín kò mọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. Ní 1978, nígbà tí a lọ ṣe ìdána ìyàwó mi, aládùúrà ni bàbá ìyàwó, àwọn tó máa ń gbàdúrà sómi. Bàbá bu omi sínú kọ́ọ̀bù tánganran kan tí etí rẹ̀ ti họ, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n nà án sí mi. Èmi tíṣà tuntun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ní èmi kì í mu omi àdúrà, Jésù ti tó mi. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyàwó mi bojú wolẹ̀. Bàbá wo inú kọ́ọ̀bù náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbé e mì fúnra wọn tó fi tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Omi kànga ni, ọmọ mi. Òùngbẹ sáà ti ń gbẹ mí tẹ́lẹ̀." Wọ́n sì fún mi lọ́mọ wọn. Láàárín èmi àti bàbá yẹn lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi wò ó, ta ni Jésù tó?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrìbọmi. Àwọn Onítẹ̀bọmi àti ọ̀pọ̀ ìjọ ìgbàlódé gbà pé ẹni tó bá ti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ nìkan ni à ń rì bọmi. Ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn látọjọ́ pípẹ́, wọn ò fi ṣèkà. Áńgílíkà, Kátólíìkì àti Mẹ́tọ́díìsì ń ṣe é fọ́mọ ọwọ́. Mi ò lè parí ẹjọ́ yẹn nínú ojú ìwé kan. Ṣùgbọ́n ẹ bi àbúrò yín obìnrin bóyá wọ́n tún òun rì bọmi nígbà tó di Kátólíìkì. Bó bá jẹ́ omi ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀ ní kékeré, tí wọ́n sì dárúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, Kátólíìkì kì í tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ Áfíríkà ló jà á tẹ́lẹ̀. Nígbà inúnibíni tó bẹ̀rẹ̀ ní 303 lábẹ́ ìjọba Róòmù, àwọn àlùfáà kan ní Àríwá Áfíríkà kó Ìwé Mímọ́ jáde fáwọn agbófinró nítorí ẹ̀mí wọn. Nígbà tí ìlú rọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọlẹ́yìn Donatus, bíṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, ní gbogbo ìrìbọmi tó bá ti ọwọ́ irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ jáde ti bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe. Ìjọ pín sí méjì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, tó wà ní ilẹ̀ Àlùjéríà òde òní, ló dá wọn lóhùn pé bí Pétérù ló ń rini bọmi, Kristi ló ń rini bọmi, bó sì jẹ́ Júdásì ni, Kristi náà ni. Ẹ ò rí i pé Jésù tí àbúrò yín ní ó tó yẹn, ó yẹ kó tó fún omi tí wọ́n wọ́n sí òun náà lórí.

Torí náà, bó bá jẹ́ nítorí kí àbúrò lè jẹ iyán lẹ fẹ́ lọ rì bọmi, ẹ má lọ. Bó bá wá jẹ́ pé ọkàn yín ló ń sọ fún yín pé ẹ ò tíì gba Jésù gbọ́ fúnra yín rí, ìyẹn yàtọ̀, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Ní ti ibi tí ìyá wà, kò sẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lé àbúrò yín lọ́wọ́. Ẹ má bá a jiyàn lé e lórí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ là ń fèsì sí.

Ẹ ṣe ìrántí náà nílé, kí ọ̀rọ̀ bàtà má tilẹ̀ wáyé. Ẹ ní kí àbúrò ọkùnrin ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fún un láyè, bó tilẹ̀ máa pẹ́, ó sì máa pẹ́. Kí àbúrò obìnrin ka Bíbélì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ka Àdúrà Olúwa àti Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì. Àbúrò yín ọkùnrin mọ̀ ọ́n o, bàbá yín á ti fi pàṣán kọ́ ọ. Ẹ fi díẹ̀ nínú ogójì ẹgbẹ̀rún náà ra iṣu gidi, kẹ́ ẹ gún un kó kúnná. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ má bínú, ẹ má sì sunkún. Ẹ mú kúlà kan nísọ̀ yín, èyí tó dára, ẹ gbé tiẹ̀ sí i, ẹ gbé e fún ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ. Iyán tó wà nínú kúlà gbígbóná lóru, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ̀wé sọ fún mi bó bá délé tí kò ṣí i.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, bàbá bàbá mi ní Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì fẹ́ di ṣọ́ọ̀ṣì kan náà nígbà kan rí. Ṣé òótọ́ ni àbí àgbà ló dé? Ọ̀dọ́ kan, Yábà, Oǹdó.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, má fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mẹ́ta ni, ó ku Presbyterian, tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Kàlàbá. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi jókòó lórí rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́: 11 oṣù Kejìlá, 1965. Bó ṣe kù díẹ̀, awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìjọ náà, wọ́n ní kí wọ́n sún un síwájú. Títí di òní, kò tún wáyé. Ẹgbẹ́ CAN tó dé ní 1976 yàtọ̀, àjọ ni, oníkálukú ṣì wà nínú ilé tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ní abúlé kan lẹ́bàá Oǹdó níbẹ̀. Ọdún wẹ́tìẹ̀ ni, rògbòdìyàn àwọn olóṣèlú, ilé ń jó kiri Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìṣọ̀kan yìí ni bàbá mi ń kà. Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n. Àwọn àti tíṣà Mẹ́tọ́díìsì abúlé kejì jọ dáwó ra aṣọ òkè kan, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n fi rán agbádá de ọjọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ ò wá mọ́, aṣọ ò ṣeé dá padà fáláṣọ. Ní àárọ̀ Kérésì, mo gbé ìwé orin tẹ̀ lé bàbá mi. A pàdé tíṣà Mẹ́tọ́díìsì ní ìkòríta, òun ń gba apá òsì lọ, àwa ń gba apá ọ̀tún. Aṣọ kan náà. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì títí tí bàbá mi fi mú ọ̀pá wọn tilẹ̀.