Ẹ má tíì ra láísẹ́ǹsì kún un: MATLAB lórí kọ̀ǹpútà àjọlò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ iná sólà là ń ṣe ní Yaba. Àwa mẹ́fà la jọ ń lo kọ̀ǹpútà Linux kan tó wà ní ọ́fíìsì, kálukú sì máa ń wọlé sórí rẹ̀ láti orí laptop tirẹ̀. Láísẹ́ǹsì méjì la rà fún MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe ìṣirò. Kálukú ti gbé MATLAB tirẹ̀ sínú fódà rẹ̀, ààyè ti fẹ́ẹ̀ tán lórí díìsìkì, bó bá sì di ọ̀sán, á ní láísẹ́ǹsì ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ẹnì kan ló wà nídìí iṣẹ́. Ṣé ká ra sí i ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ná owó yẹn. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, kì í ṣe pé láísẹ́ǹsì yín kò tó. Ẹni tó mú un ni kò dá a padà.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí wọ́n tà fún yín. Bó bá jẹ́ Concurrent, ẹnikẹ́ni nínú yín lè lò ó, bí ẹ ò bá ti ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ Network Named User, orúkọ ẹni pàtó ló wà lórí rẹ̀, àwọn yòókù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kódà bí onítọ̀hún bá wà nílé. Individual ní tirẹ̀, ti ẹnì kan ṣoṣo ni, kò ṣeé pín. Níwọ̀n bó ti ń sọ fún yín pé ó ti tán, ó jọ pé Concurrent ni tiyín.

Ẹ yọ MATLAB mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú fódà yín kúrò. Kí ẹni tó ní àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà, gbé ẹyọ kan sí /usr/local/MATLAB, níbi tí gbogbo yín ti lè lò ó ṣùgbọ́n tí ẹ ò ní lè yí i padà. Àwọn fáìlì .m kálukú, ìyẹn èyí tó kọ iṣẹ́ MATLAB rẹ̀ sí, ló yẹ kó wà nínú fódà rẹ̀.

Ètò kan tó ń jẹ́ FlexNet ló ń ka iye láísẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, orí port (ẹnu ọ̀nà tí ètò fi ń gba ìbéèrè) 27000 ló sábà máa ń wà. Ẹ má fi root tan án; ẹ dá àkáǹtì lásán sílẹ̀ fún un. MAC address, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi so fáìlì láísẹ́ǹsì mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á fi MAC address módẹ̀mù USB ránṣẹ́ sí MathWorks, ilé iṣẹ́ tó ni MATLAB. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá yọ módẹ̀mù yẹn lọ sílé, MATLAB ò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ti káàdì tó wà lára kọ̀ǹpútà gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ tún yẹ bátìrì kékeré inú rẹ̀ wò. Bó bá ti kú, tí NEPA sì mú iná lọ, déètì àti aago kọ̀ǹpútà á padà sẹ́yìn, FlexNet á sì rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Ní ti láísẹ́ǹsì tó ń tán lọ́sàn-án, ẹ tẹ lmutil lmstat -a. Á to orúkọ ẹni tó mú un sílẹ̀, pẹ̀lú aago tó mú un. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹni tó ti pa laptop dé, tó ti lọ jẹun, àmọ́ tí MATLAB rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí nínú VNC tàbí tmux, àwọn ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bí èèyàn tilẹ̀ ti jáde. Pípa laptop dé kì í pa MATLAB, àfi kí onítọ̀hún tẹ exit. Toolbox (àfikún irinṣẹ́ MATLAB) náà ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀: bẹ́ ẹ bá pe ẹyọ iṣẹ́ (function) kan nínú Optimization Toolbox láàárọ̀, ọwọ́ yín ló máa wà títí ẹ ó fi jáde. license('inuse') á fi èyí tó wà lọ́wọ́ yín hàn yín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gbé MATLAB tí wọ́n ti já (crack) wá. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín wà, root lẹ ó sì fi gbé e wọlé. Ẹni tí kò nílò Simulink, àfikún MATLAB fún yíya àwòrán ètò àti dídán an wò, lè gbìyànjú GNU Octave, ètò tó jọ MATLAB; ó máa ń ka ọ̀pọ̀ fáìlì .m, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ máa kọ ohun tí lmstat bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹni mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá ra ẹ̀kẹta.