Ẹ má tíì gba foonu lọ́wọ́ ọmọ yẹn

Màmá, ẹ kú ìnira ọmọ o. Ẹ ní ọmọkùnrin yín tó wà ní 200 level ní yunifásítì tó wà ní Alabata, l'Abẹ́òkúta, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, pé tí wọ́n bá ti ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, kò ní lọ, pé ojú ẹ̀ kì í kúrò lára foonu títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ gbà á, tàbí app wo ló lè tì í pa láti aago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹ má tíì gbà á. Ohun tí àwọn agbaninímọ̀ràn ilé ìwé máa ń sọ nìyẹn: pa àwọn app ẹ rẹ́, jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ ṣeré. Ẹni tí ojú èèyàn ń bà lẹ́rù, tó bá lè dédé jáde lọ bá ẹgbẹ́ ṣeré, kí ló ń wá dé ọ́fíìsì wọn? Foonu ti di bárakú fún un lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pá tó fi ń ti ara ẹ̀ nìyẹn. Ẹ gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn, kò sọ pé kó máa sáré.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó nínú ọkọ̀ tó ń ti Camp lọ sí Alabata. Á ki earpiece bọ etí, orin kankan ò dún níbẹ̀. Á ṣí WhatsApp, á tì í, á gba voice note sílẹ̀, á pa á rẹ́, á tún gba òmíràn. Gbogbo ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bàa bá a sọ̀rọ̀ ni. Àyà tó ń já yẹn á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ọkàn ẹ̀ á gbà pé foonu ló yọ òun. Kò ní mọ̀ láé pé bí òun ò bá mú un dání, kò sẹ́ni tó máa jẹ òun nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù á máa le sí i, tí kò sì ní lè gbé foonu sílẹ̀. Àwọn tó ń búra pé foonu ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, ẹ rọra gbọ́ tiwọn: ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè. Wọ́n rí i pé bárakú foonu àti ìbẹ̀rù èèyàn jọ ń rìn. Wọn ò lè sọ èwo ló ṣáájú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìbẹ̀rù ẹ̀ ṣe le tó, ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní SPIN, ìbéèrè 17, máàkì 0 sí 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí àpapọ̀ ẹ̀ bá ti tó 19, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Kò ju ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ tó le nìyí. Kó kọ nǹkan mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100 bó ṣe ń bà á lẹ́rù tó. Kó bẹ̀rẹ̀ níbi 30 tàbí 40: kó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Kútọ̀, kó má sì rà á, kó wọ ọkọ̀ láìki nǹkan sétí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lè dúró bi olùkọ́ ní ìbéèrè lẹ́yìn kíláàsì, kó tó wá nawọ́ sókè láàárín kíláàsì. Sísọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn ló máa gbẹ̀yìn. Kó tó lọ, kó kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, bíi "wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Tó bá dé, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan náà ni kó máa ṣe léraléra kó tó bọ́ sí òmíràn.

Ẹni tó bá ti la ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Òógùn á bò ó, ohùn á máa gbọ̀n, kò ní sùn dáadáa, á máa kanra mọ́ yín. Tó bá sá kúrò nígbà tí àyà ẹ̀ ń já jù, ó ti kọ́ ìbẹ̀rù lẹ́kọ̀ọ́ burúkú nìyẹn. Kó dúró títí á fi rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ ọ: foonu lè wà nínú báàgì, kó wá máa wolẹ̀, kó máa to ọ̀rọ̀ sínú kó tó sọ ọ́, kó sáré sọ ọ́ kó lè tètè jókòó. Ibi ìfarapamọ́ mìíràn nìyẹn, kó fi sílẹ̀ náà. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta Valium, oògùn amárabalẹ̀, fún un ní kẹ́míìsì. Á fi í lọ́kàn balẹ̀ o, àmọ́ bárakú kejì ló ń bọ̀ yẹn. Propranolol, oògùn tí wọ́n fi ń dín àyà jíjá kù, ò dáa fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Oògùn tí dókítà máa ń kọ, bíi sertraline, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó hàn, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé 25, ẹ máa ṣọ́ ọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Kò sì gbọ́dọ̀ dédé dá oògùn náà dúró. Àwọn tó ń kọ ọ́ fúnni láìsọ èyí, ojú ò tì wọ́n.

Ẹ má sì bẹ̀rù orúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Èèyàn á máa sọ ọ́, kí wọ́n sọ. Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀, tí àwọn aláìsàn fi gbé lábúlé tó yí i ká pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà yẹn. Ẹni tó lọ rí dókítà lásán á padà sílé lọ́jọ́ náà. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ béèrè CBT, ìtọ́jú tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò ṣe láti yí èrò àti ìwà padà, ẹ má gba oògùn nìkan.

Ọ̀rọ̀ app tẹ́ ẹ béèrè: Digital Wellbeing ti wà nínú Settings ọ̀pọ̀ foonu Android. Ẹ lo Bedtime mode, á sọ ojú foonu di aláwọ̀ eérú, á pa ariwo ẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú kan ló máa fi tú u, torí náà kẹ́ ẹ jọ ṣe é ni. Kó má pa ariwo gúrúùpù kíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde pé kíláàsì ti yí ibi padà. Kó pa ariwo àwọn yòókù. Tó bá wà nílé, pálọ̀ ni kí foonu ti máa gba iná láti aago mẹ́wàá. Tó bá ní álààmù lòun ń fi í ṣe, ẹ ra aago kékeré oníbátìrì fún un.