Ihò bíńtín lábẹ́ táńkì kọ̀ǹpirésọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Fọkanáísà ni mí ní Láfẹ́ńwá, ní Abẹ́òkúta. Ihò bíńtín kan yọ lábẹ́ táńkì kọ̀ǹpirésọ̀ mi, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ jáde. Wẹ́dà ní òun lè jó o pa láìjẹ́ pé mo tú atẹ́gùn inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ní kí n fi bọ́òtù dí fáàfù tó máa ń tú atẹ́gùn dànù, kí agbára rẹ̀ lè tó fún táyà tírélà. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má sì fi táńkì yẹn ṣiṣẹ́ mọ́.

Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, pàápàá lásìkò òjò. Nígbà tí kọ̀ǹpirésọ̀ bá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, tí ó sì tutù nínú táńkì, omi rẹ̀ a sẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìpáàrà a sì máa jẹ irin náà láti inú wá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, bí ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ọjọ́ tí ihò bá yọ, irin tó yí i ká ti fẹ́lẹ́ tán, kò sì sí ohun tó lágbára tí wẹ́dà fẹ́ jó o mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí géèjì bá wà lórí 100, páùn 100 ló ń ti gbogbo íǹsì kan níbùú lóòró. Ìdérí táńkì tí ó fẹ̀ ní íǹsì 12 ní irú íǹsì bẹ́ẹ̀ bíi 113, tí ó fi jẹ́ pé ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù 5 ló ń wá bí yóò ṣe já a kúrò. Omi ni àwa fi máa ń dán táńkì wò, nítorí omi kì í fún pọ̀: bí táńkì bá ya, omi á dà sílẹ̀. Atẹ́gùn tí a ti fún pọ̀ á tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, irin tí ó bá sì gbé dání á ṣe bí ọta ìbọn.

Fáàfù tí wọ́n ní kí ẹ dí yẹn ni kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ń tú ṣáá, bóyá ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, tàbí kí sípíríìn rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ ra fáàfù mìíràn, kí nọ́ńbà agbára atẹ́gùn tó wà lára rẹ̀ má sì ju èyí tí wọ́n kọ sára táńkì lọ. Táńkì tí kò ní nọ́ńbà rárá, irú èyí tí wọ́n fi sìlíńdà gáàsì àtijọ́ ṣe, ń bà mí lẹ́rù gidigidi, àgàgà bí mo bá rí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì í. Bí tírélà bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín, kọ̀ǹpirésọ̀ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ rà.

Lára táńkì tuntun tí ẹ bá fi rọ́pò èyí tó lu, ẹ máa ṣí kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ kí omi lè jáde. Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tan án, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì náà títí ariwo atẹ́gùn yóò fi dákẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì nìkan, nítorí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè há sórí òdo nígbà tí inú táńkì ṣì kún.

Ní ti èyí tó lu, ẹ má tà á fún ẹni tí yóò tún un lò. Ẹ tú atẹ́gùn rẹ̀ tán, ẹ fi díríìlì lu ú ní ihò mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ má fi iná gé e, torí ọ́ìlì kọ̀ǹpirésọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbiná.